Ìgbín Tó Jẹ Ọkọ Estíbaliz

Kí oòrùn tó kan àtàrí lọ́jọ́ àìsùn ọdún Prudencio Mímọ́, gbogbo ẹni tó tò síwájú ilé búrẹ́dì àdúgbò náà ní Vitoria, nílẹ̀ Sípéènì, ló ti gbọ́ pé ìgbín Domitila ti jẹ ọkọ Estíbaliz.

“Ta ló gbẹ̀yìn?” ni ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á kọ́kọ́ bèèrè, kó lè mọ ẹni tó máa tò sí lẹ́yìn.

“Èmi ni. Ṣé ẹ ti gbọ́?”

“Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Anselmo ni. Wọ́n ti jẹ ẹ́.”

“Ta ló jẹ ẹ́?”

“Ìgbín. Ìgbín Ìyá Fermín òkè kẹta. Wọ́n ní láti orí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.”

“Háà! Anselmo tó sanra tó yẹn? Wọn ò tíì lè jẹ ẹ́ tán o. Ẹ jẹ́ ká tètè lọ gba èyí tó kù.”

Kò sẹ́ni tó bèèrè bí ẹran tó ń fi odidi ọ̀sán yí etí àwo ká ṣe lé àgbàlagbà ọkùnrin bá. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé wọn ò rí Anselmo láti bí ọjọ́ mélòó kan, àti pé Domitila ò fẹ́ràn aya rẹ̀. Ìyẹn ti tó wọn.

Domitila fúnra rẹ̀ wà lórí ìlà náà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ pátá. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ra búrẹ́dì rẹ̀, ó fi sábíyá, ó sì rìn lọ sílé bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ oyè.

Domitila kì í ṣe ọmọ Vitoria. Abúlé kan lápá Soria ló ti wá, níbi tí àgùntàn ti pọ̀ ju èèyàn lọ, tí àwọn àgùntàn náà sì ti ń ronú àtikó lọ sí ìlú ńlá. Orúnkún ló gbé e wá. Fermín ọmọ rẹ̀ ní kó wá fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yẹn lóyún, ó bímọ, ọmọ náà tún bímọ. Ó ti wọ ọdún kejì báyìí tí Domitila ti ń sùn sí yàrá tí Nekane ìyàwó Fermín ń lọ aṣọ sí tẹ́lẹ̀.

Ìlú ò bá a lára mu níbẹ̀rẹ̀. Ó máa ń kí lífítì káàárọ̀ kó tó wọ inú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó rí bẹ́ǹṣì iwájú ilé olóògùn, níbi tí àwọn ìyá àgbà tó ti abúlé oríṣiríṣi wá ti ń jókòó ṣèdájọ́ gbogbo ẹni tó bá kọjá. Àmọ́ àyè tó fẹ́ràn jù ni fèrèsé ilé ìdáná. Àárín ilé náà lu láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí kànga, gbogbo ilé ìdáná ló sì lajú sí i. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sá aṣọ sí lórí okùn. Lọ́sàn-án, tí gbogbo ìlú bá jẹun tán tí wọ́n sùn lọ, Domitila á gbé àga síbẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti mọ ẹni tó ń dín ẹja, ẹni tó ń bá ọkọ rẹ̀ jà, àti ẹni tí rọ́bà ìdí pátá rẹ̀ ti yọ̀.

Ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an, ní òkè kejì, ni Estíbaliz ń gbé. Obìnrin yìí máa ń ṣe irun títí á fi le bí àṣíborí ọlọ́pàá. Tí bíríkì bá jábọ́ lé e lórí, bíríkì ni kí ẹ bá kẹ́dùn.

Ohun tí Estíbaliz ṣe fún Domitila rèé. Lálẹ́ àìsùn Prudencio Mímọ́, ìgbín wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń jẹ nílùú yẹn. Àwọn ará ilé náà sì máa ń jọ jẹ ẹ́ ní yàrá ńlá ìsàlẹ̀ ilé. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kí Domitila sè é, torí àlejò ni. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò rántí orúnkún. Ó fi iyọ̀ àti ọtí kíkan fọ ìgbín náà títí omi rẹ̀ fi mọ́ gaara. Ó fi tòmátì sè é, pẹ̀lú ata gbígbẹ àti egungun itan ẹlẹ́dẹ̀. Gbogbo ilé ń ta sánsán.

Estíbaliz fi ẹyọ kan sẹ́nu. Ó na ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń dá mọ́tò dúró. Ó wá fi ìka méjì yọ nǹkan kan tí ojú ò fẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu, ó gbé e sétí àwo. Ó dún “kín”.

“Iyanrìn,” ló wí. Ó yíjú sí Domitila, ó rẹ́rìn-ín àánú. “Kò burú, Ìyá Fermín. A mọ̀ pé omi wọ́n lábúlé.”

Ni fọ́ọ̀kì bá ń balẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìkòkò náà ṣe kún sọ̀ kalẹ̀ láti òkè kẹta ló ṣe kún gòkè padà. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni obìnrin tó ti sè fún ìgbéyàwó gbogbo abúlé rẹ̀ ti di Domitila Oníyanrìn. Tó bá dé ilé búrẹ́dì, ẹnì kan á ní, “Ìyá Fermín, ẹ bá wa bu díẹ̀ wá o, a fẹ́ kọ́lé.” Kódà lórí bẹ́ǹṣì ilé olóògùn, níbi tó ti ń ṣèdájọ́, wọ́n ti sún un sí ìpẹ̀kun tí òjò ń pa.

Domitila gbé ìbínú náà mì bí ẹni gbé egungun mì. Ó ń bá a jí, ó ń bá a mu kọfí. Fermín rí ojú ìyá rẹ̀, ẹ̀rù bà á.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má bá obìnrin yẹn fa nǹkan kan o. Lọ́jọ́ tí ẹ bá bá a jà, abúlé lẹ ń padà sí, orúnkún ò orúnkún.”

“Mi ò ní bá a jà, ọmọ mi.” Ó sì gbọ́wọ́ lé orúnkún rẹ̀, ó fi búra. Èyí tó ń dùn ún ló gbọ́wọ́ lé. Lójú rẹ̀, èyí tó yá nìkan ni ìbúra ń mú.

Lọ́dún yìí, ta ni wọ́n ní kó sè? Estíbaliz. Ó lọ sọ́jà, ó ra ìgbín agbọ̀n kékeré kan, kò ju fìlà lọ. Ó sì rọra ń gbé e gòkè, kí gbogbo ilé lè rí i.

Àmọ́ láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni Domitila náà ti ń kó tirẹ̀ jọ. Gbogbo ọjọ́ Sunday ni Fermín ń fi mọ́tò gbé e lọ sẹ́yìn ìlú, ìyá náà á máa tẹ̀ lọ lẹ́bàá ògiri oko bí ẹni tó ń wá òrùka tó sọnù. Ọpọ́n ìwẹ̀ kún.

“Màmá, níbo ni kí n wá wẹ̀ sí?” ni Nekane bèèrè.

“Ìyàwó mi, ṣé o dọ̀tí ni?”

“Mo ń lọ síbi iṣẹ́, Màmá!”

“Wọn ò ní fimú fín ọ lára. Gbé ẹsẹ̀ kan sí etí ibẹ̀ yẹn. Rọra o, má tẹ̀ wọ́n.”

Ó fọ̀ wọ́n, ó tún wọn fọ̀. Ó kó wọn sínú àpò àwọ̀n pẹ̀lú ìyẹ̀fun àti ewé táìmù láti oko Soria, kí inú wọn lè mọ́. Lẹ́yìn náà kò fún wọn ní nǹkan kan mọ́. Ó so àpò náà kọ́ sí okùn aṣọ, ó ń wò wọ́n bí ebi ṣe ń pa wọ́n.

“Ta lẹ fẹ́ sè wọ́n fún, Màmá?”

“Mi ò sè wọ́n o. Wọ́n fẹ́ lọ kí èèyàn ni.”

Nígbà tó ku ọ̀la kí àìsùn pé, Estíbaliz wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Miranda láti lọ gba sọ́sééjì tó máa fi sè, ó sì sùn síbẹ̀. Ó ṣí fèrèsé ilé ìdáná sílẹ̀ kí òórùn áyù lè jáde. Anselmo ọkọ rẹ̀ ò sí nílé. Ó bá àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lọ sí Benidorm, ó lọ yáàrùn létí òkun. Fọ́tò rẹ̀ nìkan ló wà lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé: ojú ìwé ìròyìn kan gbàràmù, tí Anselmo ti gbé olú tó tóbi ju orí rẹ̀ lọ lọ́wọ́, irunmú rẹ̀ bo gbogbo ètè. Ìyẹ̀fun pípò ni Estíbaliz fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nígbà tí gbogbo ilé ń hanrun, Domitila fi okùn sọ àpò náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan fèrèsé ìsàlẹ̀. Ó fa okùn kejì, ẹnu àpò tú. Ó fi igi ìgbálẹ̀ ta á.

“Ẹ máa lọ jẹun,” ló wí. “Ẹ bá mi kí i.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí Estíbaliz ṣe ti Miranda dé, igbe rẹ̀ gba inú ihò àárín ilé gòkè bí ẹ̀fin: “Wọ́n ti jẹ Anselmo! Ẹ gbà mí o! Ìgbín ti jẹ Anselmo!” Kí ó tó mí, ọ̀rọ̀ ti dé ilé búrẹ́dì.

Nekane ló kọ́kọ́ sáré dé ìsàlẹ̀. Ìgbín wà lórí fíríìjì, ó wà lára àjà, ó wà nínú ife ìgbéyàwó Estíbaliz. Ó mọ ẹni tó ṣe é, àmọ́ ó kúnlẹ̀ lórí irọ́ kan.

“Atẹ́gùn ni, mà! Atẹ́gùn ló já àpò Màmá. Ẹ má bínú.”

Estíbaliz lanu láti ṣépè. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí agbọ̀n kékeré tirẹ̀. Ó tún wo ìgbín tó kún ilé, funfun báláú, tí ẹlòmíràn ti fọ̀. Ẹnu rẹ̀ padé.

“Tó bá jẹ́ atẹ́gùn ni, ta ni mo fẹ́ bínú sí? Máa lọ, ọmọ mi.” Ó ti ilẹ̀kùn.

Inú Nekane dùn, inú Fermín dùn. Domitila nìkan ni inú rẹ̀ ò dùn. Ọdún kan gbáko ló fi gbin ẹ̀san yẹn, wọ́n wá sọ ọ́ di ojú ọjọ́.

Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, gbogbo ilé péjọ sí yàrá ìsàlẹ̀, ìyá oníbúrẹ́dì àti àwọn oníbàárà rẹ̀ kan sì wá bá wọn jẹ. Anselmo ló wọlé gbẹ̀yìn pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó pupa bí edé, odidi rẹ̀ pé. Àwọn kan fọwọ́ kàn án láti mọ̀ bóyá iwin ni.

“Mo ti yà nílé,” ló wí. “Mo wo ara mi lára ògiri. Ikùn mi ṣì wà, olú mi ṣì wà. Orí mi ti lọ. Ààbọ̀ ni mo kù.”

“Ṣé ẹ ò rí i?” ni ìyá oníbúrẹ́dì kígbe. “Mo sọ fún yín!”

Ìkòkò ńlá méjì ni Estíbaliz gbé kalẹ̀. Wọ́n ń fa ìgbín mu, wọ́n ń lá ìka, ọbẹ̀ ń kán sí wọn láyà. Ìyìn ń rọ̀. “Estíbaliz, o ga! Ẹyọ iyanrìn kan ò sí níbẹ̀! Ìyá Fermín, ẹ wá kẹ́kọ̀ọ́ o!”

Domitila fi ẹyọ kan sẹ́nu. Táìmù. Táìmù Soria. Ó mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ ọmọ rẹ̀ nínú aṣọ ìlékọ̀ọ́. Ó tẹ̀ sí etí Estíbaliz.

“Ìgbín mi nìyí.”

“Atẹ́gùn ló gbé wọn wá,” ni Estíbaliz dá a lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn. “Ohun tí atẹ́gùn bá gbé wọlé mi, tèmi ni. Àbí atẹ́gùn kọ́, Ìyá Fermín? Ẹ sọ̀rọ̀ sókè, kí ọmọ yín gbọ́.”

Domitila wo Fermín. Fermín ti ń mi orí, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Domitila rántí òtútù abúlé, ilé tí kò sẹ́nì kan nínú rẹ̀. Ó tún rántí “kín” tó dún létí àwo. Ó gbá tábìlì mú, ó sì fi orúnkún méjèèjì dìde dúró, èyí tó yá àti èyí tó ń dùn ún.

“Ẹ gbọ́ o! Wọ́n ní atẹ́gùn ni. Atẹ́gùn kọ́. Ọwọ́ mi yìí ni. Èmi ni mo fi ebi pa wọ́n, èmi ni mo fi okùn sọ̀ wọ́n kalẹ̀, mo sì fi igi ìgbálẹ̀ ta àpò náà kí èyí tó ń sùn nínú wọn lè jí.”

“Ó ti jẹ́wọ́!” ni Estíbaliz bú sígbe. “Gbogbo yín ẹ gbọ́! Ọ̀daràn ni!”

“Mo jẹ́wọ́. Torí èmi ni mo rán wọn, èmi ni mo ni wọ́n. Gbogbo yín rí ìgbín tó rà lọ́jà, kò ju fìlà kan lọ. Ṣé fìlà kan ló kún ìkòkò méjì? Ìgbín Domitila lẹ ń lá ọwọ́ nítorí rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Ó yá, ẹ wá iyanrìn rẹ̀ jáde fún mi!”

Gbogbo wọn wo àwo, wọ́n fi ahọ́n wá eyín wọn kiri. Anselmo, tí ẹnu rẹ̀ kún, ló kọ́kọ́ fọhùn.

“Kò sí,” ló wí.

Estíbaliz yíjú sí i bí ẹni tó fẹ́ kí ìgbín jẹ èyí tó kù lára rẹ̀.

“Màmá,” ni Fermín wí jẹ́jẹ́, ó fọwọ́ bo ojú. “Abúlé.”

“Mo ti di ẹrù mi láti ọ̀sán, ọmọ mi.” Ó yíjú sí ìyá oníbúrẹ́dì. “Ó tún ku ẹ̀yin ará ilé búrẹ́dì. Mo dúró sáàárín yín láàárọ̀, mo gbọ́ yín. Ẹ ní ìgbín mi jẹ odidi Anselmo. Irọ́ ni. Láti irunmú lọ sókè ni wọ́n jẹ. Èyí tó kù lára rẹ̀ rèé, òun ló ń jẹ ìgbín yẹn.”