Ilẹ̀kùn Irin Kafé Alájì

Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni mo máa ń jókòó sí níbi gbogbo, àwọn ọmọ mi sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn ò mọ kafé Alájì.

Kí íńtánẹ́ẹ̀tì tó wọnú fóònù, ọ̀dọ̀ Alájì la ti ń lò ó ní Okokomaiko. A máa ra tíkẹ́ẹ̀tì, a máa tẹ nọ́ńbà ara rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, àkókò wa á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ohun tí à ń wá ì báà ṣí, kó má ṣí. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Alájì a máa ti ilẹ̀kùn irin mọ́ wa kó tó lọ kírun, torí ẹnì kan ti ki máòsì kọ̀ǹpútà rẹ̀ sápò lọ rí. Àwa náà á sì jókòó pẹ̀sẹ̀. Orí wa ò pé rárá.

Òkú bàbá mi wà ní mọ́ṣúárì nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà lókè òkun là ń dúró dè. Ó ní kí èmi àti màmá wa wá sí kafé lọ́sàn-án Jímọ̀, òun á kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà bóyá òun ń bọ̀.

Ọjà Àlàbá ni màmá mi ti ń bọ̀. Kí wọ́n tó dé, Alájì ti tilẹ̀kùn lọ. Wọ́n dúró lójú fèrèsé, wọ́n di irin rẹ̀ mú.

“Kí ló wí?”

“Kọ̀ǹpútà ò tíì ṣí i, mà.”

“O wà nínú ilé, o ò sì rí nǹkan kan?”

Àkókò mi ń tán lọ níṣojú mi, kò sì sẹ́ni tó máa ta tíkẹ́ẹ̀tì míì fún mi. Mo dìde, mo mi ilẹ̀kùn náà jìgìjìgì. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ sunkún. Nígbà tí mo padà, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti wọlé. Mo kígbe kà á síta bó ṣe wà:

“Mi ò lè wá. Mi ò ní ìwé. Tí mo bá jáde níbí, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́.”

Màmá mi wo irin tó wà lọ́wọ́ wọn.

“Bi í, ṣé wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ òun náà ni?”

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó dáhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Àkókò mi tán, ojú kọ̀ǹpútà sì ṣókùnkùn.

Alájì dé, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ má bínú o, wáàsí yẹn long gan-an.” Ó ṣílẹ̀kùn, mo sáré jáde, ó sì fẹ́ pa á dé lẹ́yìn mi.

Màmá mi ò wò mí. Inú kafé ni wọ́n ń wò, bí ẹni tó ń retí kí ẹlòmíì jáde. Wọ́n di ilẹ̀kùn náà mú.

“Alájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tì í.”