Èéfín Tó Tẹ̀lé Wa Láti Etí Odò

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí nígbà tí ọkọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, èmi àti ìyàwó mi sì ń gbé nílé kékeré kan ní Dagenham East, nílùú òyìnbó níbí. Àwọn ọmọ ti lọ sílé tiwọn. Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́ kò ju ara wa, ìjọ wa, àti ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì kan tó ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún.

N kò sọ̀rọ̀ ọkọ̀ láti fi ṣe fáàrí. Ẹ̀dọ̀fóró ìyàwó mi ti bàjẹ́. Bí ó bá rin ogún ìṣísẹ̀, yóò dúró, yóò di ògiri mú. Àtẹ̀gùn ibùdó ọkọ̀ ojú irin kò ṣe é gùn fún un mọ́. Ọkọ̀ yẹn ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, mo máa ń gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú èémí rẹ̀ nílé ìwòsàn. Bí wọ́n bá ti ní ká máa lọ, a kì í lọ sílé tààrà. Barking Riverside la máa ń gbà lọ, níbi tí àwọn ilé alájà tuntun wà, a ó sì wá ibi tí a ti lè rí odò láti inú ọkọ̀. Kì í sọ̀ kalẹ̀. Yóò jókòó, yóò máa wo bí omi ṣe ń kún tàbí bí ó ṣe ń fà, yóò sì máa kọ orin ìjọ wa sínú. Mo máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ kí ooru lè máa fẹ́ sí i lẹ́sẹ̀. Ó tó ìdajì wákàtí, nígbà mìíràn ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Èyí nìkan ni mo fi ń ka ọjọ́," ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà kan.

Òun ló kọ́kọ́ rí èéfín náà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò létí odò, ó sì ń wo dígí ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Tíṣà," ó ní. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń pè mí láti ìgbà tí mo ti ń fẹ́ ẹ sọ́nà. "Ẹ wẹ̀yìn. A ti fi èéfín bo àwọn tó ń bọ̀ mọ́lẹ̀."

Mo wẹ̀yìn lóòótọ́. Èéfín náà ní àwọ̀ búlúù, bí aró tí wọ́n ti fi omi là jù. Ká tó dé títì ńlá, kò sí mọ́.

"Òtútù ni," mo ní.

"Òtútù kì í rùn bí ọ́ìlì tó ń jóná."

"Èmi ni mò ń wa ọkọ̀."

"Èmi ni mò ń fà á símú."

Bí a ti délé, mo mú ìwé kékeré kan láti máa kọ ọ̀rọ̀ èéfín náà sílẹ̀, nítorí mo fẹ́ kí nǹkan wà létòlétò. Ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ sójú ewé kìíní ni: "Ríìngì ló ti jẹ." Ìdáhùn ni mo kọ́kọ́ kọ, n kò tíì béèrè nǹkan kan. Ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ ní nílé, kí n tó wá sí ìlú yìí, rú irú èéfín búlúù bẹ́ẹ̀. Mẹkáníìkì wa ìgbà náà sọ pé àwọn òrùka irin inú ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ń pè ní ríìngì, ló ti jẹ, tí wọ́n fi ń jẹ́ kí ọ́ìlì wọ ibi tí iná ti ń jó. Ó da ọ́ìlì tó ki sí i, ọkọ̀ náà sì tún gbé wa fún ọdún méjì. Gbogbo wa la mọ ọgbọ́n yẹn nílé. Ohun tí n kò rò ni pé ọkọ̀ ìgbà náà kò ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì.

Lọ́jọ́rú, a lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan tí ọgbà rẹ̀ wà lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù Dagenham Heathway. Ọmọ tí mo kọ́ ní kíláàsì kẹfà nílé ni, ó ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún báyìí. Bí ó ti rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ lórí kọnkéré tòun ti aṣọ iṣẹ́.

"Ọ̀gá, kí lẹ ń wá nílẹ̀?" ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pariwo. "Ṣé nọ́ọ̀tì já bọ́ ni?"

"Tíṣà mi nìyí," ó dáhùn, ó ń gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀. "Ìwọ tí o kò rí tíṣà kọ́ ọ, máa rẹ́rìn-ín. Ẹ káàárọ̀ sà. Mọ́mì, ẹ káàárọ̀ mà." Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Sà, ìgbà wo ló máa ń rú? Ṣé tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ gun òkè ni, àbí tó bá ti dúró pẹ́ tí—"

"Ríìngì ni," mo ní.

Ó tú ẹnu rọ́bà ńlá kan, ó ti ìka bọ inú rẹ̀, ìka náà sì jáde pẹ̀lú ọ́ìlì. Ó wo ìka yẹn fún ìgbà díẹ̀.

"Sà, tí ẹ bá lè fi í sílẹ̀ fún mi ní ọjọ́ méjì, mo kàn fẹ́ fojú kan tọ́bò yẹn. Kì í ṣe pé ohun tí ẹ sọ kò—"

"Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀. Ọkọ̀ tó ti dàgbà tó báyìí, èwo nínú wọn ni ọ́ìlì kì í wà nínú rọ́bà rẹ̀?"

Ìyàwó mi sọ̀rọ̀ láti inú ọkọ̀: "Ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀."

"Ó ti parí."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà," ó ní, ó ń wo ilẹ̀.

"Da ọ́ìlì tó ki sí i fún wa. Ó ń ṣiṣẹ́."

"Ọ́ìlì tó ki, sà? Ìwé ọkọ̀ yìí ní èyí tó ṣàn ni kí—"

"Ìwé! Ta ló kọ́ ọ ní ìwé kíkà?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín. Mẹkáníìkì náà da ọ́ìlì náà sí i.

Èéfín náà dín kù lọ́sẹ̀ kìíní, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé mi tayọ̀tayọ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ohùn tín-ín-rín kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti iwájú ọkọ̀.

"Ọkọ̀ yìí ń súfèé," ìyàwó mi ní.

"Inú rẹ̀ ló ń dùn."

Ó tẹ́tí sí iwájú ọkọ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ kẹta, a pẹ́ létí odò ju bí a ti ń ṣe lọ, nítorí ó fẹ́ wo bí ọkọ̀ ojú omi tó ń bọ̀ yóò ṣe gúnlẹ̀. Nígbà tí a gbéra, a kò tíì rìn jìnnà tí ẹ́ńjìnnì fi ké. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó ń ké sí i. Mo tẹ búréèkì, ọkọ̀ dúró, ẹ́ńjìnnì kò dúró. Mo yọ kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, ẹ́ńjìnnì ṣì ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Èéfín tó nípọn bo gbogbo títì, ó sì ń gba ibi tí ooru ti ń fẹ́ wọ inú ọkọ̀ wá. Mo gbọ́ tí ìyàwó mi ń wú ikọ́, lẹ́yìn náà n kò gbọ́ ikọ́ mọ́, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ọwọ́ mi kò rí bẹ́líìtì rẹ̀ tú. Obìnrin kan tó dúró níbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì ló sáré wá, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì fà á jáde. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì jó gbogbo ọ́ìlì inú rẹ̀ tán ló tó kú.

Mẹkáníìkì náà wá bá mi nílé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì. Ó ti tú ọkọ̀ náà wò. Kò jókòó.

"Tọ́bò ni, sà. Fáànù kékeré tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì ni. Orí ọ́ìlì ló ń yí, páìpù tó sì ń gbé ọ́ìlì lọ bá a tín-ín-rín. Ó ti ń jò díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń rú lẹ́yìn tí ẹ bá ti dúró pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ríìngì tó jẹ kì í dúró de ìgbà yẹn, ó máa ń rú tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ gun òkè. Ọ́ìlì tó ki yẹn kò tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gbẹ, ó já, ọ́ìlì wá ń ya wọ ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì sì ń jó o bíi dísẹ́ẹ̀lì. Ìdí nìyẹn tí kọ́kọ́rọ́ kò fi lè pa á."

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́ tí mo ti ìka bọ rọ́bà yẹn, mo fura."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Mo sọ díẹ̀, sà."

"Díẹ̀?"

Ó wo bàtà rẹ̀. "Sà, ní kíláàsì kẹfà, mo nawọ́, mo ní kí ẹ jọ̀ọ́ tún ìṣirò kan wò lójú pátákó. Ẹ ní kí n kúnlẹ̀ títí agogo fi lù."

N kò rántí. Mo bi í bóyá ìṣirò náà tọ̀nà.

"Kò tọ̀nà, sà. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ẹ kò sọ nǹkan kan."

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà. Ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé òun náà jẹ̀bi, pé òun ló da ọ́ìlì náà.

Ìyàwó mi padà wálé lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá. Dókítà sọ pé ibi tí àìsàn náà ń lọ tẹ́lẹ̀ ló lọ, ṣùgbọ́n èéfín ti tì í síwájú. Ẹ̀rọ kan tó ń fún un ní afẹ́fẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ báyìí, ó ń kùn tọ̀sán tòru, rọ́bà rẹ̀ sì wà nímú rẹ̀. Ibi tí rọ́bà náà gùn dé ni ó lè rìn dé. Kò rí odò mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Èmi ni mò ń lọ bá a wò ó. Lọ́jọ́bọ̀, mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀, màá jókòó lórí bẹ́ńṣì, màá sì padà wá ròyìn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, ó bi mí pé, "Omi ńkọ́?"

"Ó rẹwà púpọ̀."

"Tíṣà," ó ní, ó sinmi kí èémí tó padà sí i. "Mi ò bi yín bóyá ó rẹwà. Ṣé ó ń kún ni, àbí ó ń fà?"

N kò mọ̀. Mo ti lọ jókòó wákàtí kan létí odò, n kò wò ó. Ó yí ojú rẹ̀ sí ògiri.

Láti ìgbà náà, ìwé kékeré tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ èéfín ni mò ń mú lọ. Mo ya ewé kìíní kúrò. Ohun tí mo bá rí ni mò ń kọ: omi ń fà, ẹrẹ̀ hàn, ẹyẹ mẹ́ta, afẹ́fẹ́ ń ti ìlà oòrùn bọ̀. Bí mo bá ń kà á fún un, ó máa ń di ojú rẹ̀, nígbà mìíràn ètè rẹ̀ máa ń mì bí ẹni tó ń kọrin.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ kí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi tèmi ṣe àríkọ́gbọ́n. Bí ọkọ̀ yín bá rú èéfín, ẹ sọ àwọ̀ rẹ̀, ẹ sọ ìgbà tó ń rú, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ dópin, kódà bó jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ ní ìwé kíkà.