Bàbá Tó Ra Ìwé Tí Mò Ń Kà Lọ́wọ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni mo ń kọ eléyìí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń dúró ka ìwé kan ní ṣọ́ọ̀bù ìwé ní Bódìjà, torí agbára mi ò ká a láti rà á. Wọ́n pa olówó kan nínú ìtàn náà, mo sì fẹ́ mọ ẹni tó pa á. Lójoojúmọ́, mo máa ń fi ìwé náà pamọ́ sẹ́yìn àwọn ìwé ìṣirò kí ẹnikẹ́ni má baà rà á.

Lónìí, ó ku ojú ewé mọ́kànlá péré. Kò sí epo nílùú, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti Agbowó. Bí mo ṣe wọlé, ọwọ́ bàbá kan ni mo ti rí i!

"Ọmọ mi, ṣé ìwé yìí dùn?"

Mo yára dáhùn: "Rárá o, sà. Kò dùn rárá."

Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín: "Ṣebí òun lo máa ń dúró kà níbí lójoojúmọ́!"

Bàbá ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn nínú ìwé náà, wọ́n rọra kà á, wọ́n sanwó. Ìgbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n yíjú sí mi:

"Irọ́ lo pa. Ó dùn gan-an. Ìyàwó olówó náà ló pa á."

Ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí: èmi tí mo parọ́ àti bàbá tó sọ òótọ́, ta ló burú jù?