Òfin Tí Alága Fi Ẹnu Sọ

Ọkùnrin tí wọ́n fi ṣe alága fìdí-hẹ ní ìjọba ìbílẹ̀ wa kò tọrọ ìbò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Orí rédíò la ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èrò ti kún ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ṣáájú ọjọ́ náà, iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n mọ́ kò ju pé ó ń tẹ̀ lé àwọn olóṣèlú kiri, tí ó ń bá wọn ṣílẹ̀kùn mọ́tò. Nígbà tó di alága, òun náà gba ẹni tí yóò máa ṣílẹ̀kùn fún un, ó sì gba ẹlòmíràn tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju pé kó máa gbé fóònù tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Awò dúdú kì í kúrò lójú rẹ̀, bó tilẹ̀ wà nínú ilé.

Tíṣà ni mí. Ẹ̀kọ́ nípa ìjọba ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìlú kékeré kan láàrin Ìṣẹ́yìn àti Ṣakí. Mo máa ń sọ fún wọn pé àwọn kan ló ń ṣòfin, àwọn kan ló ń mú un ṣẹ, àwọn kan ló sì ń dájọ́, pé ẹnì kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á há a sórí, wọ́n á sì yege. Tí wọ́n bá wá jáde ní géètì ilé-ẹ̀kọ́, wọn ò ní rí ohun tó jọ ọ́. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa sọ pé ará ìlú ni yóò dìbò yan àwọn tí yóò máa ṣàkóso ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn tó wà lókè máa ń fo ibẹ̀ bí ẹni ń fo ẹrẹ̀. Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, a kò ní kánsẹ́lọ̀ kankan, alága nìkan la ní.

Láfún ni ìyá ọkọ mi ń ṣe. Ìpàpó ni wọ́n ti wá sílé ọkọ nígbà tí wọ́n ṣì kéré, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n sì fi tọ́ gbogbo ọmọ wọn. Àpáta pẹrẹsẹ kan wà lẹ́yìn ìlú wa, ó fẹ̀ bíi pápá ìṣeré, orí rẹ̀ sì ni àwọn obìnrin ìlú ti ń sá láfún láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè rántí mọ́. Ooru àpáta lágbègbè wa kò kéré lásìkò ọyẹ́. Láfún tí wọ́n bá sá síbẹ̀ máa ń gbẹ kó fẹ́lẹ́, kó sì funfun bí ẹfun. Olúkúlùkù ló mọ ibi tirẹ̀. Ti ìyá ọkọ mi wà ní ìhà ìlà-oòrùn, níbi tí oòrùn ti kọ́kọ́ ń mú, wọn kì í sì í fi ṣeré.

Alága kò tíì pẹ́ lórí àga tó fi pe àwọn ọlọ́jà jọ sí gbọ̀ngàn ìlú. Ó ní òun rí i pé ewúrẹ́ ń rìn lórí láfún, pé àìsàn ni a ń tà fún ara wa. Ó ní láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sá láfún sórí àpáta mọ́; pé kí gbogbo wa máa kó o lọ sí ọgbà tí wọ́n da sìmẹ́ǹtì sí lẹ́bàá ọ̀nà, ká máa sanwó ìlò níbẹ̀. Ta ló ni ọgbà? Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni. Gbogbo gbọ̀ngàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn náà ló sì pàtẹ́wọ́. Olórí àwọn oníláfún dìde, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ alága pé ó ní àánú àwọn lójú. Mo wo obìnrin yìí títí, ojú tì mí fún un, nítorí mo mọ̀ pé ilẹ̀ tirẹ̀ lórí àpáta ló fẹ̀ jù.

N kò sọ pé ìjọba kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá sí ohun tí a ń tà fún èèyàn jẹ. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i dáadáa. Òótọ́ sì ni pé ewúrẹ́ ń gun orí àpáta. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà tí a ń gbà ṣe é. Àwọn tí ìlú yàn ni yóò jókòó, wọn yóò ka àbá náà, wọn yóò jiyàn lé e lórí, wọn yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí tolórí tẹlẹ́mù lè rí i. Mo dìde, mo kí alága, mo sì bi í pé ìgbìmọ̀ wo ló ṣe òfin náà.

Mo dàgbà ju ọkùnrin yìí lọ, ṣùgbọ́n kò yọ awò, kò sì fi ẹ̀yin pè mí.

Ó ní, “Tíṣà, ìwé ti pọ̀ jù fún ọ. Mo ti sọ ọ́, ó ti di òfin. Jókòó.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn kan tí mo kọ́ ọmọ wọn wà lára àwọn tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn fún ìyá ọkọ mi, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́, wọn ò sì gbé ojú sókè. Wọ́n ní ọgbà yẹn wà lábẹ́ igi, pé láfún tí wọ́n bá sá síbẹ̀ yóò hu olu ni. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ru láfún wọn lọ sórí àpáta. Àwọn nìkan ni wọ́n wà níbẹ̀.

Wolé-wolé dé kí oòrùn tó kan àtàrí, òun àti géńdé méjì. Wọ́n gbá láfún sínú àpò, wọ́n sì fi mọ́tò gbé ìyá ọkọ mi lọ sí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ni mo wà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Mo bá wọn lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń fa tẹ̀súbáà, ara wọn balẹ̀ ju tèmi lọ. Wolé-wolé ní kí n bẹ alága, kí ọ̀rọ̀ lè tán. Mo fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́, ká má parọ́. Ìyá ọkọ mi ló fà mí láṣọ.

“Ìyàwó, kí lo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ fún? Kí wọ́n gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń dájọ́.”

Wọ́n gbé wọn lọ sí kóòtù lóòótọ́. Wolé-wolé fúnra rẹ̀ ló dúró rojọ́ fún ìjọba ìbílẹ̀. Ó ní obìnrin yìí sá láfún sórí àpáta lẹ́yìn tí alága ti kà á léèwọ̀. Obìnrin ni adájọ́, òtútù mú un, ó ń fi áńkáṣíìfù nu imú. Ó bèèrè pé òfin wo ni wọ́n rú. Wolé-wolé ní òfin alága. Adájọ́ ní kó mú un wá kí òun kà á. Ọkùnrin náà wo ilẹ̀, ó wo òrùlé, ó sì tọrọ àyè kó lọ múra sílẹ̀. Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú.

Ohun tó mú wá nígbà tí ẹjọ́ padà bẹ̀rẹ̀, mo ṣì máa ń rò ó lẹ́nu iṣẹ́ tí ẹ̀rín á sì pa mí. Kò mú ìwé kankan wá. Fóònù ló gbé sókè, ó tẹ̀ ẹ́, ohùn alága sì gba gbogbo inú kóòtù, bó ṣe kéde lórí rédíò pé òun fòfin de àpáta. Ìpolówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ló tẹ̀ lé e, ọkùnrin yìí kò sì mọ bí yóò ṣe pa á. Adájọ́ ní kó jókòó.

Ó ní, “Ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí kò jẹ́ kí n fìyà jẹ ẹnikẹ́ni lórí ohun tí kò sí òfin àkọsílẹ̀ tó pè é ní ẹ̀ṣẹ̀, tó sì sọ ìyà rẹ̀. Ohùn alága kì í ṣe òfin. Ìyá, ẹ máa lọ sílé.”

Ó pàṣẹ kí wọ́n dá láfún padà. A lọ síbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí ní sẹkitéríàtì, ṣùgbọ́n a kò rí àpò kankan níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kọ́kọ́ ní ó ti bàjẹ́, pé wọ́n ti dà á nù. Nígbà tí ìyá ọkọ mi tẹjú mọ́ ọn, ó bú sẹ́rìn-ín ẹni tí ojú ń tì, ó ní wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n sì ti pín in. Pé wolé-wolé ló kó èyí tó pọ̀ jù, ìyàwó rẹ̀ sì sọ pé òun kò rí láfún tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí alága pè ní àìsàn ní gbọ̀ngàn ni wọ́n rò lóúnjẹ alẹ́ fún àwọn ọmọ wọn.

Lọ́jọ́ kejì, orí àpáta kún. Gbogbo àwọn tó pàtẹ́wọ́ ní gbọ̀ngàn ti padà sí àyè wọn. Olórí wọn wá kí ìyá ọkọ mi, ó ní, “Ẹ kú oríire o. A wà lẹ́yìn yín látìbẹ̀rẹ̀.”

Ìyá ọkọ mi ń yí láfún lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Ẹ̀yìn tí ẹ wà yẹn jìnnà o,” wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

Alága kò gbà pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ó lọ sórí rédíò, ó ní òun ti fi ojú àánú wo àwọn ìyá wa, òun sì ti yọ̀ǹda àpáta fún wọn. Wọ́n kọrin yìn ín.

Nígbà ọdún Iléyá, ó wá sílé wa ní ọjọ́ kejì ọdún, òun àti ẹran àgbò nínú agbada àti ẹni tí yóò ya fọ́tò. Ó fẹ́ kí ìlú rí i bó ṣe ń fún ìyá àgbà lẹ́ran. Ìyá ọkọ mi wà nínú yàrá, wọ́n ń kírun Àyílà ọ̀sán. Mo bu omi fún alága, mo sì ní kó jókòó dúró dè wọ́n. Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n sálámà, tí ìrun parí. Dípò kí wọ́n jáde, wọ́n tún dìde, wọ́n gbé nọ́fílà, ìrun àfikún tí kò pọn dandan. Wọ́n parí ìyẹn, wọ́n tún gbé òmíràn. Bí wọ́n ṣe ń dìde ni wọ́n ń foríkanlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ti sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì, eṣinṣin sì ti bo ẹran. Kò sẹ́ni tó lè ní kí ẹni tó ń kírun sinmi.

Alága dìde níkẹyìn. Ó bi mí bóyá wọ́n máa ń kírun tó báyìí ní gbogbo ìgbà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.