Lottie Brandvold, Ẹni Tí Àwọn Adití Ń Gbọ́

Ikú tí Clement Ashby kú nínú sinimá ọ̀gágun yẹn, ẹ ò rí irú ẹ̀ rí. Ó nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì, Lottie Brandvold kúnlẹ̀ tì í, omijé ń dà pòròpòrò lójú ẹ̀, ètè ẹ̀ ń gbọ̀n. Sinimá ò tíì ní ohùn nígbà náà. Dùùrù nìkan ló ń ké nínú gbọ̀ngàn. Àkọlé tí wọ́n gbé sójú àwòrán ní, "Olólùfẹ́ mi, má fi mí sílẹ̀!" Gbogbo obìnrin Los Angeles tó wà níbẹ̀ ló ń fa imú. Clement fúnra ẹ̀ jókòó sẹ́yìn, ó fi fìlà bojú, ó ń gbádùn bí wọ́n ṣe ń sunkún òun.

Àfi bí àwọn kan ṣe bú sẹ́rìn-ín níwájú. Wọ́n ń gbá ara wọn léjìká, wọ́n ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ síra wọn. Adití ni wọ́n. Clement dìde, ó lọ dúró níwájú wọn, inú ń bí i burúkú.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé ojú ò tì yín ni? Ọkùnrin ń kú, ẹ ń rẹ́rìn-ín!"

Aránṣọ kan wà láàárín wọn, Odella Tweed lorúkọ ẹ̀. Ibà ló mú etí ẹ̀ lọ lẹ́yìn tó ti dàgbà, nítorí náà ó ṣì ń fẹnu sọ̀rọ̀, àmọ́ kì í mọ bí ohùn òun ṣe ń lọ sókè tó. Ó wo ètè Clement, ó mọ ohun tó sọ, ó sì dá a lóhùn sókè débi pé gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́.

"Ìyàwó ẹ inú sinimá yìí ló ń pa wá lẹ́rìn-ín! Ta ló ń ṣe olólùfẹ́? Ó ní, 'Clement, bí o bá tún jẹ àlùbọ́sà kí o tó wá kú, èmi gan-an ni màá pa ọ́!'"

Onídùùrù gbàgbé orin. Omijé àwọn obìnrin gbẹ lójú wọn.

Ẹ má dá Lottie lẹ́bi o. Ní sítúdíò ayé ìgbà yẹn, ohun tó bá wù ọ́ ni wàá sọ níwájú kámẹ́rà, ṣebí kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Òṣèré kan á máa ka àdúrà, òmíràn á máa sọ ohun tó fẹ́ jẹ lálẹ́. Lottie ní tiẹ̀, ọmọ alágbẹ̀dẹ láti Minnesota, àfi tó bá bú èèyàn kí omijé tó jáde. Clement sì fẹ́ràn àlùbọ́sà tútù pẹ̀lú búrẹ́dì ju bó ṣe fẹ́ràn ìyá tó bí i lọ.

Zimmerly, ọ̀gá sítúdíò, gbọ́, ó gbaná jẹ.

"Lottie, kó ẹrù ẹ! O ti bà mí lórúkọ jẹ́!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, mi ò mọ̀ pé ẹnì kan ń gbọ́ ni."

"Kó ẹrù ẹ, mo ní!"

Kó tó kó o tán, ìròyìn ti dé láti ilé sinimá. Àwọn adití ti tò yí ilé náà ká, àwọn tó ń gbọ́ràn sì ń tẹ̀ lé wọn wọlé kí wọ́n lè máa bi wọ́n pé, "Kí ló sọ? Kí ló tún sọ?" Zimmerly fọwọ́ ara ẹ̀ gbé àpótí Lottie padà sí yàrá.

"Ta ló ní kí o lọ? Àwàdà ni mo ń ṣe!"

Lottie wá Odella lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ẹ̀. Ó jókòó kọjú sí i.

"Àǹtí, ṣé lóòótọ́ lẹ gbọ́ mi?"

"Láti ìgbà tí ibà yẹn ti dá mi," ni Odella wí, "èèyàn á máa bá mi sọ̀rọ̀, á tún yí ẹ̀yìn sí mi. Nínú sinimá nìkan ni mo ti ń bá ayé dọ́gba. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ gbọ́."

Lọ́jọ́ yẹn, Lottie sunkún láì bú ẹnikẹ́ni.

Bó ṣe di pé ó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é nìyẹn. Nínú sinimá ayaba tí wọ́n fẹ́ bẹ́ lórí, ó gbójú sókè ọ̀run, àkọlé ní, "Olúwa, dárí jì wọ́n." Ètè ẹ̀ ní, "Àǹtí Odella, aṣọ tí ẹ rán yìí ti ya lábíyá, ẹ má sọ fún wọn o." Pásítọ̀ kan ní ìlú Glendale fi ojú tó gbé sókè yẹn wàásù, ó ní ìgbàgbọ́ tòótọ́ nìyẹn.

Ni ohùn bá dé bá sinimá. Wọ́n kó gbogbo àkọlé kúrò. Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn wà nínú ìkòkò òdòdó lórí tábìlì, òṣèré sì gbọ́dọ̀ yíjú sí i. Lottie kọ̀, kámẹ́rà ló kọjú sí, ó la ẹnu gbàgà.

"Òdòdó, Lottie!" ni Zimmerly kígbe. "Òdòdó ni kí o bá sọ̀rọ̀!"

"Ṣé òdòdó ló ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ni?"

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, àfi Zimmerly. "Yíjú sí i, tàbí kí o kó ẹrù ẹ. Mi ò ṣàwàdà lọ́tẹ̀ yìí."

Clement fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọrùn lásán ni wọ́n ní kí o yí, arábìnrin yìí! Ṣé torí ìyẹn lo ṣe máa ba iṣẹ́ ẹ jẹ́?"

"Tí mo bá yíjú, mo ti tilẹ̀kùn mọ́ Àǹtí Odella àti gbogbo wọn síta nìyẹn. Wọ́n ti kó àkọlé lọ. Ètè mi ló kù fún wọn."

Ó padà síwájú kámẹ́rà, ó kọjú sí i gangan, ó sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ó kó ẹrù ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbé àpótí padà.

Ó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó ń yan páì eléso tà. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn adití á kún ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ fọ́fọ́, Lottie á dúró lẹ́yìn káńtà, á fi ètè àti ọwọ́ ṣe gbogbo sinimá tuntun tí wọn ò lè gbọ́, á ṣe ọba, á ṣe olè, á ṣe ẹṣin. Clement ṣì ń ṣeré, àmọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n ń fi í ṣe. Kódà bó bá jẹ́ pé ó kàn gbé tíì wọlé ni, Lottie á rí i dájú pé ó kú nínú eré tòun lẹ́yìn káńtà.

Nígbà tí Lottie fúnra ẹ̀ wá kú, ṣọ́ọ̀ṣì ò gba èrò. Pásítọ̀ dorí kodò sínú ìwé, kò sẹ́ni tó rí ètè ẹ̀. Ká ní Lottie wà láyé, ì bá ti sọ nǹkan lù ú. Àwọn adití tò kọjá níwájú pósí, wọ́n ń ju aṣọ ìnujú funfun lókè, bí wọ́n ṣe ń yẹ́ ẹni tí wọ́n bá fẹ́ràn sí. Odella, tó ti di arúgbó, bẹ̀rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ẹnu ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó wò ó pẹ́. Clement fọwọ́ kàn án léjìká, ó dúró síbi tó ti lè rí ètè òun.

"Àǹtí, kí ló sọ?"

Ohùn Odella gba gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ó ní o tún ti jẹ àlùbọ́sà wá!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àti pásítọ̀. Clement rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún. Lóòótọ́ ló jẹ ẹ́, odindi kan, ní tútù, kó tó kúrò nílé, torí ó ń ṣe é bíi pé tí Lottie bá gbóòórùn ẹ̀, ó lè dìde bú òun lẹ́ẹ̀kan sí i.