Sọ́mpù Tó Ń Jò Lójú Ọ̀nà Oǹdó

Nígbà tí bàbá mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí ojú rẹ̀ ò sì jẹ́ kó lè wakọ̀ mọ́, ó fún mi ní mọ́tò rẹ̀. Àkúrẹ́ ni mò ń gbé nígbà náà, mò ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká. Oǹdó lòun ń gbé, nínú ilé tó kọ́ nígbà tí ìyá mi ṣì wà láyé. Àwọn ọdún yẹn le. Owó oṣù lè pẹ́ títí téèyàn á fi fẹ́ gbàgbé pé òun níṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn ará ọ́fíìsì wa kan ti pa mọ́tò tiwọn tì, koríko ti hù yí táyà rẹ̀ ká. Ẹni tí wọ́n bá fún ní mọ́tò lásìkò bẹ́ẹ̀, ọpẹ́ ló yẹ kó dá. Èmi náà dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni mí. Mi ò mọ̀ pé wàhálà ni mo ń dúpẹ́ rẹ̀.

Irin kan wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì tó dà bí abọ́ tó jìn. Òun làwọn mẹkáníìkì ń pè ní sọ́mpù. Inú rẹ̀ ni ọ́ìlì máa ń wà. Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ti ń fà á lọ sókè, ibẹ̀ náà ni ọ́ìlì sì ń ṣàn padà sí. Òun ló sún mọ́ ilẹ̀ jù, kò sí òkúta tàbí kòtò tí kì í kọ́kọ́ bá a jà. Sọ́mpù tiwa ń jò. Kì í ṣe pé ó ń ya bí omi. Ṣùgbọ́n níbi tí mo bá gbé mọ́tò sí di àárọ̀, màá bá àbàwọ́n dúdú kan nílẹ̀, tó fẹ̀ tó ẹnu ife.

Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń gbé ọbẹ̀ lọ fún bàbá mi. Bó bá ti gbọ́ ìró mọ́tò, á jáde wá, ṣùgbọ́n kò ní wojú mi. Á di ògiri mú, á bẹ̀rẹ̀, á yọjú wo abẹ́ mọ́tò.

“Ó tún ń jò.”

“Ẹ káàsán, Bàbá.”

“Ṣé o wo géèjì kó o tó kúrò nílé?”

“Mo wò ó, sà.”

“O nù ún kó o tó tì í padà? Àbí bó o ṣe fà á yọ lo ṣe wò ó?”

Géèjì ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fà yọ lára ẹ́ńjìnnì láti mọ bí ọ́ìlì ṣe kù sí. Bàbá mi ti kọ́ mi bí ọmọ ilé ìwé: ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí mọ́tò wà, kí ẹ́ńjìnnì ti sinmi, kí n fà á, kí n nù ún, kí n tì í wọlé tán pátápátá, kí n tó fà á lẹ́ẹ̀kejì, kí n wò ó bóyá ọ́ìlì wà láàárín ilà méjèèjì. Mo ń ṣe gbogbo rẹ̀. Mo tiẹ̀ máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì kékeré sẹ́yìn mọ́tò láti fi bù sí i. Síbẹ̀, lójú rẹ̀, èmi ni mi ò mọ nǹkan tọ́jú.

Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì mi nítòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Ó ní gaskẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín sọ́mpù àti ẹ́ńjìnnì ló ti gbó. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù kùn ún yí ká, ó dè é, ó sì da ọ́ìlì sí i lójú ẹsẹ̀.

“Ṣé kò yẹ kí gọ́ọ̀mù yẹn gbẹ ná?”

“Màmá, ẹ máa lọ. Kò sí ìṣòro.”

Kí n tó dé Oǹdó lọ́sẹ̀ kejì, ìṣòro ti dé. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó mi orí. “Ta ló ní kó o gbé e fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n? Ẹni tó ti ń tọ́jú mọ́tò yìí látọjọ́ tó ti ń bẹ lọ́wọ́ mi ṣì wà níbí.”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mẹkáníìkì yẹn, wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni. Ọkùnrin náà wo gọ́ọ̀mù tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́mpù, ó rẹ́rìn-ín. “Ṣé ilé agbọ́n lẹni yìí ń kọ́ ni?” Ó mú sípánà, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ de àwọn bọ́ọ̀tù náà títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ. Ó ní kò ní jò mọ́ láé. Nígbà tí mo padà dé Àkúrẹ́, ó ń jò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

“Ta ló ṣe báyìí?” ni ẹni ti Ọjà Ọba wí. “Ó ti dè é jù! Etí sọ́mpù ti wọ́.” Ó tún fi gọ́ọ̀mù kún gọ́ọ̀mù.

Bí wọ́n ṣe ń gbá mi síhìn-ín gbá mi sọ́hùn-ún nìyẹn. Ti Àkúrẹ́ ń bú ti Oǹdó, ti Oǹdó ń bú ti Àkúrẹ́, bàbá mi sì ń bú mi. Èmi tí mò ń sanwó fún gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo rí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọ̀rẹ́ bàbá mi pààrọ̀ ọ́ìlì fún mi. Nọ́ọ̀tù kan wà nídìí sọ́mpù tí wọ́n máa ń tú kí ọ́ìlì àtijọ́ lè dà jáde. Ó tún de ìyẹn náà bíi pé ó ń bá a jà. Ìrọ̀lẹ́ ni mo kúrò ní Oǹdó. Mo ti kọjá Bọ́lọ́runduró nígbà tí iná pupa kékeré tó ń kìlọ̀ nípa ọ́ìlì tàn níwájú mi, nídìí sítíárì. Ọjọ́ pẹ́ tí bàbá mi ti sọ fún mi nípa iná yẹn: “Wáyà rẹ̀ ló ń ṣe ségesège. Má dá a lóhùn.” Mi ò dá a lóhùn. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ kọ̀-kọ̀-kọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, bí ẹni ń fi òòlù kan ilẹ̀kùn. Mo pa á, mo bọ́ sílẹ̀. Ọ́ìlì ti fa ilà dúdú gbọọrọ sójú títì lẹ́yìn mi.

Dẹ́rẹ́bà kan tó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló dúró. Ó rá wọ abẹ́ mọ́tò, ó ní wọ́n ti de nọ́ọ̀tù jù, ojú ihò rẹ̀ ti jẹ, ó sì ti bọ́ dànù. Ó gé igi kan, ó gbẹ́ ẹ, ó fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wé e, ó sì fi òkúta gbá a wọ ojú ihò náà. Ó da kẹ́ẹ̀gì mi sínú ẹ́ńjìnnì, ó tún bù kún un nínú tirẹ̀.

“Ẹ rọra máa lọ, ìyá. Tí iná yẹn bá tún tàn, ẹ pa á o.”

Mo wa mọ́tò náà dé Àkúrẹ́ bí ẹni gbé ẹyin lórí, kọ̀-kọ̀-kọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo sunkún. Kì í ṣe ẹ̀rù. Inú ló ń bí mi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀ lọ sí Oǹdó. Bàbá mi wo ẹ̀yìn mi. “Mọ́tò dà?”

“Ẹ káàsán, Bàbá.”

“Mo ní mọ́tò dà?”

Mo gbé ìkòkò ọbẹ̀ sílẹ̀. “Bàbá, nọ́ọ̀tù tí ọ̀rẹ́ yín dè ló bọ́ lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin lẹ sì ní kí n má dá iná yẹn lóhùn. Ẹ ò tiẹ̀ bi mí bóyá mo délé láyọ̀.”

“Nígbà tó wà lọ́wọ́ mi, kò jò.”

“Ó ń jò, Bàbá. Ibi tí ẹ máa ń gbé e sí nìyẹn, ó dúdú dòní.”

Ó yíjú síbi tí mo nawọ́ sí. Mi ò mọ̀ bóyá ojú rẹ̀ ríran débẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Gbé ọbẹ̀ wọlé kó tó tutù.”

Mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo gbé àga sínú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì nítòsí Ọjà Ọba, mo jókòó tì í. Nígbà tó sọ sọ́mpù kalẹ̀, ìdọ̀tí tó ki bí ẹ̀kọ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, nǹkan wínníwínní sì ń dán nínú rẹ̀. Irin ẹ́ńjìnnì tó ti ń jẹ ara rẹ̀ ni. A fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, mo ní kó dojú rẹ̀ dé ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ó ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, etí rẹ̀ kò kanlẹ̀ dọ́gba. A gbé e fún panẹ́bítà, ó na etí rẹ̀ tọ́. Wọ́n gbẹ́ ojú ihò nọ́ọ̀tù tuntun. Mẹkáníìkì fi gaskẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, ó ń de àwọn bọ́ọ̀tù náà díẹ̀díẹ̀, bó bá de tọ̀tún á de tòsì, mi ò sì jẹ́ kó da ọ́ìlì sí i títí di ọjọ́ kejì.

“Màmá, ẹ fi mí sílẹ̀ kí n ṣiṣẹ́ mi.”

“Mi ò lọ síbì kankan.”

Kò jò mọ́. Ṣùgbọ́n kọ̀-kọ̀-kọ̀ kò lọ. Òùngbẹ ọ́ìlì ọjọ́ yẹn ti wọ ẹ́ńjìnnì lára, àfi ká tú u palẹ̀, owó oṣù tí a máa fi tú u kò sì jáde. Mo wà á bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mò ń fi rédíò bo ariwo rẹ̀.

Ọkùnrin kan láti Ìlárá-Mọ̀kín ló rà á. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro gbogbo àìsàn rẹ̀ fún un, ó dá mi dúró. “Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ tà á ni, àbí ẹ ò fẹ́ tà á?”

Mo tà á. Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi, mo ti to gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo máa fi dá a lóhùn sílẹ̀ lẹ́nu. Ó kàn ní, “Ó dáa,” ó sì ní kí n bá òun wá ṣíbí. Mo jókòó tì í títí ó fi jẹun tán, mo sì kó abọ́ lọ fọ̀.