Ọmọ Tí Kò Lè Sọ Pé Òun Ò Fẹ́

Iṣẹ́ mi ni láti kó ọmọ jáde nílé. Tí mo bá sọ ọ́ báyìí fún èèyàn, wọ́n á máa wò mí bí ìyàwó bàbá tí kò láàánú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún nìyẹn. Họ́ọ̀mù kan wà ní Mowe tí a ti ń tọ́ àwọn ọmọ tí kò lóbìí àtàwọn tí òbí wọn ò ṣeé gbé lé lọ́wọ́. Ọmọ tó bá ti pé ọdún méjìdínlógún ò lè gbé ibẹ̀ mọ́. Èmi ni màá wá yàrá fún un, èmi ni màá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tan gáàsì, bí wọ́n ṣe ń bá onílé sọ̀rọ̀, àti bí èèyàn ṣe ń sùn nínú yàrá tí kò sí ẹlòmíì níbẹ̀. Ọdún kan gbáko ni màá fi máa lọ wò ó. Tí kò bá lè dá dúró, wọ́n á ní kí n wá mọ̀lẹ́bí tó máa gbà á.

Mọ̀lẹ́bí kan ṣoṣo tí ọmọbìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí ní ni àbúrò bàbá ẹ̀ kan. Tìtorí ọkùnrin yẹn gan-an ni wọ́n ṣe gbé ọmọ náà wá sọ́dọ̀ wa láti kékeré. Mi ò ní ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà a máa pe ọ́fíìsì wa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á ní tí ibi tó wà ò bá bá a lára mu, ilẹ̀kùn òun ṣí sílẹ̀.

Ọmọ náà mọ iṣẹ́ télọ̀ dáadáa. Obìnrin kan ní Ibafo gbà á sí ṣọ́ọ̀bù, mo sì rí yàrá kan fún un ní Magboro, nínú ilé oníyàrá ojúkojú. Àlájà àgbàlagbà kan ló ni ilé náà. Ọjọ́ tí a lọ wo yàrá, kí n tó sọ ohun tí a bá wá, ọmọ mi ti wà lórí eékún méjèèjì. Àlájà wò ó títí, ó ní, "Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ rèé."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde."

Ẹ̀ṣọ́ ọ̀hún ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹ̀ṣọ́ tó jẹ́. Ní họ́ọ̀mù wa, ọjọ́ Sátidé ni àlejò máa ń wá. Ẹgbẹ́ ìyá ìjọ lè wá, ẹni tó ń ṣe ọjọ́ ìbí lè wá, ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run náà á wá san án lọ́dọ̀ wa. Wọ́n á kó ìrẹsì, bisikíìtì àti ọṣẹ wá. Àwọn ọmọ á tò, kékeré níwájú, àgbà lẹ́yìn. Ọmọ tí wọ́n bá fún ní nǹkan á kúnlẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, á ní, "Olúwa á bù sí i fún yín. Ibi tí ẹ ti mú un ò ní gbẹ." Lẹ́yìn ìyẹn, á wà lórí ìkúnlẹ̀ títí wọ́n á fi ya fọ́tò ẹ̀. Ọmọ kan wà tó sọ fún àlejò nígbà kan pé òun ò fẹ́ràn kọ́sítáàdì. Gbogbo òṣìṣẹ́ ṣèpàdé lórí ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n tilẹ̀ gbàdúrà parí ìpàdé náà.

Kò tíì pẹ́ tí ọmọ mi kó dé Magboro tí Àlájà fi pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ wá wo ọmọ yín."

Mo lọ. Àlájà fún mi ní àga, kò fún mi lómi. Ó ní obìnrin aládùúgbò kan ló kọ́kọ́ fún ọmọ náà ní mọ́ínmọ́ín. Ọmọ kúnlẹ̀, ó gbàdúrà fún un, kò sì dìde. Obìnrin yẹn bi í pé kí ló tún kù. Ó ní òun ń dúró kí wọ́n ya fọ́tò ni.

Àlájà ní, "A rẹ́rìn-ín ìyẹn. Ti èkejì ò pani lẹ́rìn-ín."

Ọkùnrin kan ń gbé yàrá iwájú, awakọ̀ típà ni, ó níyàwó. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ mi ní nǹkan. Ó fún un ní ẹja yíyan lónìí, ó fún un ní mílíìkì lọ́la. Ọmọ mi ò kọ ọ̀kan. Gbogbo ìgbà tó bá fún un ló ń kúnlẹ̀ fún ọkùnrin yìí lẹ́nu ọ̀nà, tó ń gbàdúrà pé ibi tó ti mú un ò ní gbẹ. Lójú ọkùnrin, ìdáhùn ti dé nìyẹn. Lójú ìyàwó ẹ̀ náà, ìdáhùn ti dé nìyẹn, ó sì ti sọ ọ́ lójútáyé pé omi gbígbóná lòun máa fi kí ọmọ náà tó bá tún kúnlẹ̀ fún ọkọ òun.

Àlájà ní, "Mi ò bá ọmọ yín jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ ọkùnrin, lọ́jọ́ kan ọkùnrin náà á fẹ́ gba tiẹ̀. Tí oṣù yìí bá parí tí kò jáwọ́, ẹ wá kó o."

Mo wọlé tọ ọmọ lọ. Mo bi í pé ṣé ó fẹ́ràn ọkùnrin yẹn ni. Ó ní, "Rárá, àǹtí." Mo ní ṣé ó fẹ́ràn ẹja ẹ̀ ni. Ó ní, "Iyọ̀ máa ń pọ̀ nínú ẹ̀, mà." Mo ní kí ló dé tó ń gbà á. Ó wò mí bíi pé èmi ni mi ò gbọ́ Yorùbá. Ó ní, "Wọ́n fún mi ni, mà."

Orí mi gbóná. Ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí, ó tún ṣe mí bíi kí n gbá a mọ́ra. Mi ò ṣe ọ̀kankan. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo yọ bisikíìtì nínú báàgì mi, mo ní, "Gbà. Sọ pé o ò fẹ́." Kí n tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti kúnlẹ̀. Mo ní kó dìde, ká tún un ṣe. Mo fún un ní òòyà, ó gbàdúrà fún mi. Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ara ẹ̀, ó gbàdúrà. Nígbà tó sú mi, mo bọ́ bàtà mi, ẹsẹ̀ òsì nìkan, mo nà án sí i. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ní ibi tí mo ti mú un ò ní gbẹ.

Nígbà tó yá, ó sọ ọ́. Ó ní, "Mi ò fẹ́." Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ ti nà kí ẹnu ẹ̀ tó ṣí. Mo bi í pé kí ló ń bà á lẹ́rù gan-an. Ó ní, "Ìyá họ́ọ̀mù ní ẹni tó bá kọ oore, oore ò ní wá ọ̀dọ̀ ẹ̀ mọ́."

Mo ní, "Oore tó bá fẹ́ lọ, kó máa lọ. Ó dàbọ̀ ló ń jẹ́."

Kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń bà mí, torí mo mọ ẹni tó ń dúró dè é tó bá fi yàrá yẹn sílẹ̀.

Iṣẹ́ ò jẹ́ kí n tètè padà lọ. Nígbà tí oṣù parí, mo mú báàgì ńlá kan dání láti fi kó ẹrù ẹ̀. Mo tún gbé páálí kan, torí ẹgbẹ́ ìyá ìjọ kan ní OPIC kó ìrẹsì, òróró àti mílíìkì wá fún àwọn ọmọ tó ti kúrò lọ́dọ̀ wa. Mo gbé páálí sórí, mo fi kọjá títì márosẹ̀. Ọrùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú àyà.

Àlájà rí mi, ó rí báàgì. Ó ní, "Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" Ó fún mi lómi lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní ìdí pọ́ńpù ló ti ṣẹlẹ̀, gbogbo ilé ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pọnmi. Ọkùnrin yẹn na ẹja nínú ọ̀rá sí ọmọ mi. Ọmọ mi dúró. Kò gbà á, omi kún garawa ẹ̀, ó ń dà sílẹ̀. Ó wá ní, "Mi ò fẹ́, sà." Ọkùnrin náà ní ṣé kò rí i pé ẹja ni. Ó ní, "Mo rí i, sà. Ẹ gbé e fún ìyàwó yín."

Àlájà ní, "Ìyàwó ọkùnrin náà ló bá ọmọ yín gbé omi ẹ̀ wọlé. Ọmọ yín ò lọ síbì kankan."

Ibẹ̀ ni mo ti pe ọ́fíìsì. Mo ní kí wọ́n sọ fún àbúrò bàbá yẹn pé kó ti ilẹ̀kùn ẹ̀.

Mo wá wọlé bá ọmọ mi. Ó ń lọ aṣọ oníbàárà kan. Inú mi dùn débi pé mi ò kí i dáadáa, páálí ni mo kọ́kọ́ tú. Mo ní, "Wò ó, tìẹ ni gbogbo ẹ̀."

Ó yọ áyọ́ọ̀nù, ó wo inú páálí. Ó ní, "Ẹ ṣé, àǹtí. Mi ò fẹ́."

Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Mo ní, "Èmi kọ́ ni ọkùnrin ẹlẹ́ja o."

Ó ní, "Mo mọ̀, mà. Mo ní ìrẹsì nílé, èmi ni mo rà á. Ẹ gbé e fún àwọn tó kù ní họ́ọ̀mù."

Inú bí mi. Gbogbo ọrùn mi ló ń ro mí. Mo ti fẹ́ sọ fún un pé kò gbọ́n, pé ẹni tí kò tíì ní àga nílé kì í kọ ìrẹsì. Mo la ẹnu báyìí ni mo rí ọwọ́ ẹ̀. Ó ti kó méjèèjì sẹ́yìn, ọ̀kan di èkejì mú gírígírí. Mo pa ẹnu mi dé. Mo ní ó dáa. Mo di páálí mi padà.

Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà, obìnrin kan jókòó tì mí, ó bi mí pé ṣé mo ń ta ìrẹsì ni. Mo ní rárá, pé ọmọ mi ni mo gbé e lọ fún, ó ní òun ò fẹ́.

Ó pòṣé. Ó ní, "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ oore. Ẹ má sunkún tìtorí ẹ̀, mà."

Mo ní mi ò sunkún. Mo ń sunkún, inú mi sì ń dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ fi gbé mi kọjá Mowe.